Kíìtì Gègé Slimline Lórí Léètì: Àyẹ̀wò fún Ẹni Tó Fẹ́ Gègé Onígi Tí Orúkọ Yorùbá Wà Lára Rẹ̀

Nínú gbogbo kíìtì tí àwọn tó ń fi léètì, ẹ̀rọ tó ń yí igi bí a ti ń gbẹ́ ẹ, ṣe gègé onígi máa ń rà, Slimline ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ni owó rẹ̀ kéré jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ àgbà oníṣẹ́ kì í kà sí. Wọ́n á ní ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ ni, wọ́n á ní ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, wọ́n á sì gba ẹni tó bá bi wọ́n léèrè nímọ̀ràn pé kó tètè fi í sílẹ̀, kó lọ ra èyí tó wúwo tó sì wọ́n jù ú lọ. Èrò tèmi yàtọ̀ sí tiwọn. Mo ń gbẹ́ gègé nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ilé mi ní London, àwọn Yorùbá tó ń gbé níhìn-ín ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi: ẹni tó fẹ́ fún bàbá rẹ̀ tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà lẹ́bùn, ẹni tí ọmọ rẹ̀ gboyè ní yunifásítì, ẹni tó fẹ́ kí ọkọ àti ìyàwó fi gègé tó ní orúkọ wọn lára buwọ́ lùwé lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, níbi tí gègé gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo láti orí dé ìdí, n kò tíì rí kíìtì tó gba àyípadà tó Slimline. Ó ní àìpé tirẹ̀, n ó sì sọ ọ́ láìfi bò.

Ohun tó wà nínú kíìtì náà kò pọ̀. Túùbù idẹ méjì ni, tí a ń lu ihò mìlímítà 7 sínú igi fún, imú gègé, ẹ̀rọ ìyípo tó ń ti ojú ìkọ̀wé jáde tó sì ń fà á wọlé, òrùka àárín, ìkọ́ tí a fi ń há gègé mọ́ àpò, ìdérí orí, àti rífíìlì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ìyẹn ọ̀pá tàdáwà inú gègé, irú èyí tí gègé Cross ń lò. Fífún ni a máa ń fún àwọn irin wọ̀nyí wọ ẹnu túùbù títí wọn yóò fi dúró gbagidi. Igi kò sí nínú kíìtì. Oníṣẹ́ ni yóò wá igi tirẹ̀, ègé onígun mẹ́rin tí ìbú rẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, tí gígùn rẹ̀ sì tó íǹṣì 5. Yóò gé e sí méjì, yóò dá ihò lu àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò fi àtè lẹ túùbù mọ́ ihò náà, kó tó gbé e sórí léètì. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, igi tó kù ní ẹnu ibi tó ti pàdé irin kì í nípọn tó mìlímítà kan. Awọ igi lásán ló wà níbẹ̀, lórí egungun idẹ. Ibẹ̀ ni gbogbo ìṣòro gègé yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ orí léètì fúnra rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ibi tí a ti ń dá oníṣẹ́ tó ní sùúrù mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń kánjú. Ihò lílù ni àkọ́kọ́. Dírílì gbọ́dọ̀ máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́, a sì gbọ́dọ̀ máa fà á jáde lóòrèkóòrè kí èérún igi lè dà nù, nítorí bí èérún bá há sínú ihò, ooru yóò mú igi náà, yóò sì ti sán láti inú kí a tó gbé irin ìgbẹ́gi kàn án. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnu igi. Nígbà tí àtè bá ti mú túùbù, a gbọ́dọ̀ gé ẹnu igi náà kó bá ẹnu idẹ dọ́gba, kó sì dúró ṣánṣán. Bó bá dagun díẹ̀ péré, àlàfo yóò hàn níbi tí igi àti irin ti pàdé, kò sì sí ohun ìkunra tó lè bo irú àlàfo bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wá ku ọ̀pá irin tí a ń pè ní mandrel, èyí tí ègé igi méjèèjì ń yí lé lórí. Ẹni tó bá de nọ́ọ̀tì rẹ̀ le jù yóò tẹ ọ̀pá náà, igi yóò sì fẹ́lẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ láìjẹ́ pé ojú tètè rí i.

Oníbàárà lè dá gbogbo èyí mọ̀ láìjẹ́ pé ó mọ orúkọ irin iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ fi èékánná yín tọ ara gègé náà láti orí igi bọ́ sórí irin, ní gbogbo ibi tí méjèèjì ti pàdé. Bí èékánná bá kọ́, igi náà ga ju irin lọ tàbí ó rẹlẹ̀ sí i, á jẹ́ pé wọn kò wọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ wá gbé e síwájú fèrèsé kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó yí igi ká, sánńpépà ló fi wọ́n sílẹ̀, oníṣẹ́ náà kò sì dá léètì dúró kó fi sánńpépà fa igi náà lóòró kó tó kùn ún. Gègé tó bá yege nínú àyẹ̀wò méjèèjì yìí, ọwọ́ tó mọṣẹ́ ló ṣe é, ì báà jẹ́ kíìtì tí owó rẹ̀ kéré jù ló wà nínú rẹ̀.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn Slimline ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni pé túùbù rẹ̀ kéré. Ẹ fi í wé Sierra, kíìtì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ bá lẹ́yìn Slimline. Túùbù kan ṣoṣo ni Sierra ní, ihò tí a ń lu fún un tó íǹṣì 27/64, ìyẹn ni pé ó súnmọ́ mìlímítà 11. Irin rẹ̀ nípọn, ó wúwo lọ́wọ́, ó sì rọrùn láti tò pọ̀. Ṣùgbọ́n ihò ńlá bẹ́ẹ̀ ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú igi kí a tó bẹ̀rẹ̀, irin tó wà lókè àti nísàlẹ̀ sì ti sọ bí gègé náà yóò ṣe rí. Ohun tó kù fún oníṣẹ́ kò ju kó yan igi tó lẹ́wà. Nínú Slimline, igi púpọ̀ ló ṣẹ́ kù lórí túùbù. Mo lè jẹ́ kí ìdajì ìsàlẹ̀ yọ ikùn díẹ̀ níbi tí ìka máa ń dì mú, kí n sì jẹ́ kí ó fẹ́lẹ́ bó ṣe ń súnmọ́ imú. Mo lè gé ègé igi náà ní ìdagun kí n fi pákó pẹlẹbẹ aláwọ̀ mìíràn sáàárín rẹ̀, èyí tí yóò di ìlà tó lọ́ yí gègé ká nígbà tí léètì bá gbẹ́ ẹ. Bí a bá gé e bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn ìlà náà yóò so kọ́ ara wọn bí ẹ̀wọ̀n. Mo lè fi wáyà tín-ín-rín há igi náà nígbà tó ń yí, kí ooru rẹ̀ jó ìlà dúdú kan tó mọ́ kedere sí i lára. Ní tèmi, ọ̀kan péré nínú àwọn àrà wọ̀nyí ti tó fún gègé kan. Mo ti rí èyí tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí lára, ojú kò sì mọ ibi tí yóò bà sí.

Àyípadà tó ṣe pàtàkì jù ni òrùka àárín. Nínú Slimline, a lè yọ òrùka yìí dànù pátápátá, kí ìdajì méjèèjì pàdé ní igi sí igi, kí gègé náà sì dà bí ẹ̀ka kan ṣoṣo. Nígbà tí òrùka bá ti kúrò, ìdajì òkè di ọgbà òfìfo tí a lè fi ṣe ohun tó wù wá, ibẹ̀ ni mo sì máa ń kọ orúkọ sí. Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí gbọ́dọ̀ gba àlàyé, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta gègé tí a kọ orúkọ sí kì í ṣe dáadáa fún àwa Yorùbá.

Ẹ̀rọ léésà, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ jó lẹ́tà, ló ń kọ orúkọ sára igi, kọ̀ǹpútà ló sì ń darí rẹ̀. Nínú ètò Unicode tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà ni á àti ì. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwọn. Lẹ́tà náà ni a ó kọ́kọ́ kọ, a ó wá fi àmì ohùn lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ohun tó dá dúró. Bí fọ́ńtì tí oníṣẹ́ ń lò kò bá mọ bí a ti ń gbé àmì ka orí lẹ́tà, àmì náà yóò fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo hàn níbi tí lẹ́tà yẹ kó wà. Orúkọ bí Ọpẹ́yẹmí yóò wá jáde pẹ̀lú àmì tó jókòó sórí lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn kan á yanjú rẹ̀ nípa pé kí wọ́n yọ gbogbo àmì kúrò, wọn á sì fi ẹ̀bùn tí ènìyàn fi ìfẹ́ rà ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ tó jẹ́ ààbọ̀. N kò rí ìdí tó fi yẹ ká gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nígbà tí ọ̀nà àbáyọ kò ṣòro: Charis SIL àti Noto Serif jẹ́ fọ́ńtì ọ̀fẹ́, wọ́n mọ ibi tí àmì Yorùbá ń gbé, bí a bá sì ti fi wọ́n kọ orúkọ náà tán, a ó sọ gbogbo lẹ́tà di àwòrán kí a tó fi ránṣẹ́ sí léésà, kí ẹ̀rọ náà má bàa tún wọn tò fúnra rẹ̀.

Èyí tó tún kù ni igi tí a ó kọ orúkọ náà sí, ibí yìí sì ni èmi àti àwọn oníbàárà mi ti máa ń jiyàn díẹ̀. Ìrókò ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń fẹ́, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrókò ní ihò wẹ́wẹ́ púpọ̀ lára, àwọn ihò náà sì tóbi tó àmì ìsàlẹ̀ tí a ń fi sábẹ́ ẹ àti ọ. Bí léésà bá jó àmì náà sórí ìrókò, ó máa ń sọnù sáàárín àwọn ihò tí Ọlọ́run dá mọ́ igi, ẹni tó bá ń ka orúkọ náà kò sì ní mọ èwo ni àmì, èwo ni igi. Ẹ́bónì kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí ara rẹ̀ kúnná, ṣùgbọ́n dúdú lórí dúdú kò hàn. A gbọ́dọ̀ fi ọ̀dà wúrà tàbí funfun kún inú lẹ́tà. Igi tó gba àmì Yorùbá dáadáa jù lọ lójú tèmi ni maple àti boxwood, tí wọ́n funfun ràkọ̀ràkọ̀ tí ara wọn sì jọ̀lọ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń fi ìrókò ṣe ìdajì ìsàlẹ̀ àti orí gègé, mo sì ń fi ègé boxwood tí gígùn rẹ̀ tó mìlímítà 30 sí àárín ìdajì òkè, kí orúkọ lè jókòó sórí rẹ̀ lóòró. Lẹ́tà tó ga tó mìlímítà 3 máa ń ṣeé kà dáadáa. Bó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà. Kíìtì tó ní irin ńlá láàárín kò lè fún wa ní àyè yìí, òun ni mo fi sọ pé Slimline ló yẹ fún iṣẹ́ wa.

Ní ti àwọn igi ilé wa yòókù, apá ni mo máa ń gbà níyànjú jù. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n mọ́ ilẹ̀ dúdú, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igi tí kì í fẹ̀ tí kì í sì súnkì púpọ̀ bí ojú ọjọ́ bá yí padà. Fún gègé tí igi rẹ̀ fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí idẹ, n kò mọ ìwà mìíràn tó níye lórí jù ìyẹn lọ. Osùn pupa yòò nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí léètì, ó máa ń dùn mọ́ àwọn ìyá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oòrùn yóò sọ pupa náà di àwọ̀ ilẹ̀ bó bá pẹ́. Ìrókò alára ní àṣírí kan tí àwọn káfíńtà wa mọ̀ dáadáa: òkúta kéékèèké máa ń wà nínú rẹ̀, tí igi náà fúnra rẹ̀ ń mú jáde, irin ìgbẹ́gi tó bá sì pàdé rẹ̀ yóò kú lójú ẹsẹ̀. Iṣan rẹ̀ tún máa ń yí padà lójijì, nítorí náà irin tó mú bí abẹ nìkan ló lè gbẹ́ ẹ láìfà á ya.

Èyí tó máa ń wú mi lórí jù ni kí oníbàárà mú igi tirẹ̀ wá: ègé ilẹ̀kùn ilé bàbá bàbá rẹ̀ tí wọ́n ti yọ kúrò, ẹsẹ̀ àga tó ti ṣẹ́, ọmọ odó tí kò ṣeé lò mọ́. Kò gbà ju ègé kékeré méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìka ọwọ́ lọ. Irú igi bẹ́ẹ̀ ti gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti sán níbi tó fẹ́ sán, ohun tó kù nínú rẹ̀ sì dúró ṣinṣin. Ìṣó àtijọ́ nìkan ni kí a wá kúrò nínú rẹ̀ kí a tó gbé ayùn lé e. Slimline tún ni ó gba irú igi yìí jù, nítorí ègé kéékèèké méjì ló nílò, kì í ṣe odindi kan tó gùn.

Sísán igi ni ẹ̀sùn tí mo ń gbọ́ jù lórí gègé onígi, ó sì yẹ kí a mọ ohun tó ń fà á. Igi máa ń gba omi inú afẹ́fẹ́, ó sì máa ń tú u sílẹ̀; bó bá gbẹ, ó máa ń súnkì ní ìbú. Idẹ kì í súnkì. Nítorí náà, bí a bá fi igi tí kò tíì gbẹ dáadáa bo túùbù, tí ó wá dé inú ọ̀gbẹlẹ̀ ọyẹ́ ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, tàbí inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlégbóná ti ń ṣiṣẹ́ ní London láti oṣù kọkànlá, igi náà yóò máa fún ara rẹ̀ mọ́ idẹ títí yóò fi là lóòró. Ẹ́bónì ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, kódà ooru sánńpépà nìkan lè sán an lórí léètì. Mo máa ń jẹ́ kí igi jókòó nínú ilé tó gbóná fún oṣù púpọ̀ kí n tó lò ó, mo sì máa ń fi epoxy, àtè alápá méjì tí a ń pò pọ̀, lẹ túùbù dípò súpá gúlù, nítorí súpá gúlù máa ń le koránkorán, kò sì fi àyè kankan sílẹ̀ fún igi láti mira. Ẹni tó ń ra gègé fún ẹni tó wà nílé gbọ́dọ̀ bi oníṣẹ́ bí igi náà ti gbẹ tó, kó sì gba ìdáhùn tó yé e.

Ọ̀rọ̀ òfin kan wà níbẹ̀ tí n ó kàn mẹ́nu bà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó wà nínú ewu, tó wáyé ní Panama fi apá, ọ̀gànwó àti àwọn igi ìdílé osùn tó ń hù ní Áfíríkà sínú àkójọ àwọn igi tí òwò wọn láàárín orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ìtì igi, pákó lílà àti irú wọn ni òfin náà ń wò, kì í ṣe gègé tó ti parí. Ègé igi onígun mẹ́rin tí oníṣẹ́ ń rà láti òkè òkun lè wà lára pákó lílà, nítorí náà ẹ má ṣe tijú láti béèrè ibi tó ti wá.

Eruku igi náà kò ṣeé fojú kéré. Àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ láti ọdún 1995, ìlànà Britain sì ti dín eruku igi líle tí a gbà láàyè níbi iṣẹ́ kù sí mílígíráàmù 3 nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́ kan láti ọdún 2020. Eruku ìrókò máa ń yọ àwọn kan lára, ó sì máa ń fún àwọn mìíràn ní ikọ́ àti èémí híhá. Ìbòmú gidi ni kí ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ẹ lò, kì í ṣe aṣọ tí a so mọ́ imú. Gègé tó ti parí kò léwu fún ẹni tó ń fi í kọ̀wé.

Ohun ìkunra ló ń pinnu bí gègé yóò ṣe rí lẹ́yìn ọdún kan. Èyí tó yá jù ni ìkunra tí a fi shellac, oje tí kòkòrò kan ń mú jáde, ṣe, tí a ń fi aṣọ pa mọ́ igi bó ti ń yí, tí ooru ìfarapa sì ń mú kó dán gbinrin. Ó lẹ́wà púpọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n òógùn ọwọ́ máa ń jẹ ẹ́, ẹni tó bá ń kọ̀wé lójoojúmọ́ yóò sì rí i pé ibi tí ìka ń dì mú ti ṣókùnkùn kí ọdún tó yí po. Súpá gúlù tí a tò ní ìpele fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, tí a wá fi Micro-Mesh, irú sánńpépà tó kúnná gan-an, dán láti nọ́ńbà 1500 títí dé 12000, máa ń le bí gíláàsì, omi kì í wọ̀ ọ́, kì í sì í jẹ́ kí igi tètè gba ọ̀rinrin. Àìdára rẹ̀ ni pé ọwọ́ kò kan igi mọ́. Ohun tó dà bí ike ló ń kàn. Fún gègé ìrókò àti apá, mo yan súpá gúlù, nítorí ó tún ń dí àwọn ihò ara igi. Fún osùn àti ẹ́bónì tí wọ́n ní epo tiwọn, mo máa ń fi acetone, omi kẹ́míkà tó ń fọ epo kúrò, nu igi náà kí àtè lè mú, tàbí kí n fi epo àti ìda oyin nìkan pa á lára, kí n sì sọ fún oníbàárà pé kó máa tún un pa.

Níbi ìbòrí irin, mo ní ọ̀rọ̀ tó le díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ló ń fẹ́ góòlù, mo sì mọ̀ pé ó bá aṣọ òkè àti ọjọ́ ayẹyẹ mu. Ṣùgbọ́n góòlù tó wà lára kíìtì olówó pọ́ọ́kú fẹ́lẹ́ gan-an, ó sì rọ̀. Imú gègé ni yóò kọ́kọ́ ṣí, lẹ́yìn náà ìkọ́ àpò. Kíróòmù pẹ́ ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ẹni tó bá sì takú pé àwọ̀ góòlù ni òun fẹ́, kó béèrè titanium nitride, tó ní àwọ̀ kan náà tó sì le débi pé wọ́n ń fi í bo ẹnu dírílì. Owó rẹ̀ ga díẹ̀ sí i, ó sì tó bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìkọ́ àpò inú kíìtì náà kò le púpọ̀. Kò yẹ kí a máa fi há aṣọ tó nípọn.

Kíkọ̀wé gan-an ni ibi tí Slimline ti kéré sí Sierra. Rífíìlì rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tàdáwà inú rẹ̀ kò pọ̀, oríṣi tó wà fún un kò sì tó ti rífíìlì Parker, èyí tí Sierra ń lò, tó wà ní oríṣiríṣi àwọ̀ àti jẹ́ẹ̀lì, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ń ṣe. Rífíìlì tó máa ń bá kíìtì wá pàápàá kì í dára. Ó máa ń fo lẹ́tà, ó sì máa ń kọ àwọ̀ tó ṣá. Mo máa ń yọ ọ́ dànù kí n tó fi gègé jíṣẹ́, mo sì máa ń fi ojúlówó Cross rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú méjì sí i nínú àpótí, nítorí n kò fẹ́ kí bàbá kan ní Òṣogbo máa wá rífíìlì kiri ọjà. Pípààrọ̀ rẹ̀ kò le: a ó fa ìdajì òkè kúrò, a ó yí rífíìlì àtijọ́ jáde, a ó yí tuntun wọlé, a ó sì ti ìdajì òkè padà. Kí a má ṣe máa fà á láìnídìí, nítorí bí a bá ń fà á léraléra, ọwọ́ tí ìdajì òkè fi di ẹ̀rọ ìyípo mú yóò dẹ̀, gègé náà yóò sì máa yí láìmú ojú ìkọ̀wé jáde.

Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi tàbí tí oríkèé ń dùn, Slimline tí a gbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí a ti kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà kò bá a mu rárá. Kó ní kí wọ́n yọ ikùn sí i, tàbí kó lọ gba Sierra. Fún ẹni tó ń kọ̀wé láti àárọ̀ dé alẹ́, Sierra náà ni. Ṣùgbọ́n fún ẹ̀bùn, fún ìbuwọ́lùwé, fún gègé tí a fi ń kọ orúkọ sínú ìwé àlejò, Slimline tí a yọ òrùka àárín rẹ̀, tí a fi kíróòmù tàbí titanium nitride bo irin rẹ̀, tí a fi apá tàbí ìrókò àtijọ́ ṣe, tí orúkọ sì wà lórí boxwood, ni n ó fi owó ara mi rà. Kíìtì náà kì í ju pọ́n-ùn mélòó kan lọ ní Britain, bẹ́ẹ̀ ni pọ́n-ùn 40 ni mo ń gbà fún èyí tó ti parí; iṣẹ́ ọwọ́ àti orúkọ ló kó owó tó kù. Kí ẹ tó san owó fún oníṣẹ́ èyíkéyìí, ẹ fi orúkọ náà ránṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ẹ sì ní kó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ìwọ̀n tí yóò jẹ́ lára igi. Ẹ gbé ìwé náà fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ láti kà. Bó bá kà á láìṣìṣe, kí léésà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.